Mẹ́ta Tó Di Mẹ́jọ

Òótọ́ tí Ojú-Àwòdì gbé mì láti ọdún gbọọrọ kò dà nínú rẹ̀. Ó há síbẹ̀ bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun. Ó ń jẹun kọjá lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kọjá lára rẹ̀, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ibi iṣẹ́ dé, tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tó sì bi í ní ìbéèrè kan. Ọjọ́ náà ni kò sí bí kò ṣe ní sọ ọ́ mọ́.

Ojú-Àwòdì kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ti fún un ní inagijẹ náà, nítorí pé nígbà tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sí nọ́ńbà tí ìpẹtà jẹ tí ojú rẹ̀ kò ní rí kà. Bí ènìyàn bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tí ìwé rẹ̀ ti sọnù, òun ni yóò wọ abẹ́ rẹ̀, tí yóò ka nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà tẹ̀ mọ́ ṣásí, irin gbọọrọ tó gbé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dúró, tí yóò ka èyí tó wà lára pátákó irin kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì fi wọ́n wé àkọsílẹ̀ ìjọba. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, ó bùṣe: wọn yóò kọ ìwé ọkọ̀ lórúkọ ẹni tó gbé e wá. Bí kò bá bára mu, ọ̀ràn dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọkàn rẹ̀ kò lù dáadáa mọ́, dókítà ti ní àfi kí àwọn la àyà rẹ̀, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ láti òwúrọ̀ mọ́ òwúrọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ṣe iṣẹ́ náà lọ.

"Bàbá mi," ni ọmọ náà wí, "ṣé ẹ rántí ọkọ̀ àtijọ́ aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ tápólì nílé ẹ̀gbọ́n Màámi tó kú? Àwọn ọmọ wọn fẹ́ tà á, èmi ni wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọwọ́ Ojú-Àwòdì dúró lára ife omi tó fẹ́ fi lo oògùn. "Mo rántí."

"Wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé ọkọ̀ olè tí panẹ́lì-bítà kan gbé wá ni, pé nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ kò bá ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mu. Mo fi sanpépà ha ibẹ̀ dáadáa. Mẹ́ta ni nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ló tẹ mẹ́jọ lé e lórí. Mẹ́jọ yẹn sì ní àpá níkùn, bíi ti mẹ́jọ tó wà nínú àwọn irin ìtẹ-nọ́ńbà tiwa, èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá, ará ọ́fíìsì wa ló ṣe iṣẹ́ burúkú yẹn. Láyé ìgbà yín, ta lẹ rò pé ó lè jẹ́?"

Orúkọ ọ̀gá wọn àtijọ́ wá sí i lẹ́nu. Ọkùnrin náà ti kú, kò bímọ, kò sẹ́ni tí yóò bá a jiyàn. Kó kàn dárúkọ náà, kó lo oògùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́. Irọ́ pàápàá ń fẹ́ agbára, agbára náà kò sì sí lára rẹ̀ mọ́.

"Èmi ni," ló wí.

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre."

"Èmi bàbá rẹ ni mo fi ọwọ́ mi yìí ṣe é. Má tíì bi mí ní nǹkan kan, mi ò lágbára láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ, gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tí mo ṣe é sí. Ibẹ̀ ni wàá ti gbọ́."

Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pe panẹ́lì-bítà náà, nítorí pé bó bá ń fi hámà lu irin, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó ti tó." Nígbà kan rí, ṣe ni ọkọ̀ ń tò sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀. Nísinsìnyí, abẹ́ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni wọ́n bá a, ó ń tún ẹsẹ̀ àga iléèwé ṣe. Garawa tó ti jò àti báró ìkóyẹ̀pẹ̀ tí táyà rẹ̀ ti bẹ́ ló yí i ká. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀.

"Háà, ọ̀gá!" Ó sáré fi aṣọ nu àga. "Ẹ káàsán, sà. Kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ pè mí? Wọ́n ní ara yín ò le. Ẹ jókòó, ẹ jókòó."

"Ẹ ṣeun," ni Ojú-Àwòdì wí. "Ẹ má ṣe wàhálà. Ẹ̀yin gan-an, ẹ jókòó."

Pẹ̀lẹ́ rọra gbé hámà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, ọ̀gá yìí kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí. "Ọ̀gá," ló wí, "ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ni mo bá wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá mi lóhùn, torí tí mo bá dúró, mi ò ní lè tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé ọkọ̀ náà wá sí ọ́fíìsì wa. Ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́ ló fún yín ní egungun rẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́ṣẹ́ tán. Ẹ̀yin lẹ wá ilẹ̀kùn rẹ̀ kiri, tí ẹ wá iná rẹ̀ kiri, tí ẹ lù ú títí tó fi ń dán bí ojú omi. Gbogbo wa la jáde wá wò ó. Ọjọ́ yẹn náà ni mo wọ abẹ́ rẹ̀. Mo ka ti ṣásí, mo ka ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ṣí àkọsílẹ̀. Mẹ́ta ló gbẹ̀yìn níbi gbogbo. Ó bára mu gééré. Ó yẹ kí n buwọ́ lù ú kí ẹ tó jẹ ọsàn ọwọ́ yín tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi náà ti rí i. Òun ló bá mi wá iṣẹ́, òun ló gbà mí sílé nígbà tí mi ò ríbi forí pamọ́ sí, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rí. Ó ní, 'Àna mi, ọkọ̀ yẹn wọ̀ mí lójú. Ṣáà dá a dúró títí yóò fi sú onítọ̀hún, yóò tà á fún mi.' Mo ní kò burú. Ẹ gbọ́ ẹnu mi, mo ní kò burú! Tí ẹ bá wá, màá ní nọ́ńbà ò hàn, ẹ lọ ha á. Ẹ ó lọ ha á. Tí ẹ bá tún dé, màá ní àkọsílẹ̀ ò sí nílẹ̀, ẹ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ò bínú. Ẹ tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́."

Pẹ̀lẹ́ mi orí. "Mo rántí."

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá rán ènìyàn sí yín pé òun fẹ́ rà á. Ẹ ní bàbá lẹ fi ọ̀gá yín ṣe, ẹ̀bùn bàbá kì í sì í ṣe ọjà. Kò pẹ́ sí i ni ọ̀gá wa gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ti falẹ̀ jù. Lọ́jọ́ tí ẹ tún gbé e dé, ó ní kí n wá tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, pé tí òun bá jẹun tán, òun fúnra òun á wò ó. Mo mọ̀ pé tó bá wò ó, yóò rí i pé ó mọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, yóò sì bi mí pé kí ni mò ń dá a dúró fún. Ọ̀sán gangan ni. Gbogbo wọn ti lọ jẹun, ẹ̀yin náà wà níta. Mo mú irin ìtẹ-nọ́ńbà àti òòlù, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ yín. Mo gbé mẹ́jọ lé mẹ́ta lórí, mo lù ú. Mo po epo mọ́ eruku, mo fi pa á lójú kó má baà dán. Ara mi ò gbọ̀n. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí di òní nìyẹn, pé ara mi ò gbọ̀n."

Ọmọ rẹ̀, tó fara ti òpó páànù, yíjú sí títì.

"Ọ̀gá wa dé, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ṣásí ní mẹ́jọ, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní mẹ́ta. Ó ní ọkọ̀ olè ni, pé wọ́n kàn yọ pátákó irin lára ọkọ̀ mìíràn wá fi bo àṣírí ni. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Nígbà tí ìjọba sì gbé e tà, àna mi ló rà á. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù, ẹnu ni mo fi ṣe é. Ẹ dúró dè mí lẹ́nu géètì lọ́jọ́ náà. Ẹ ní, 'Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ mọ nọ́ńbà. Èmi mọ̀ pé mi ò fọwọ́ kan ibẹ̀. Àbí ọkọ̀ olè ni bàbá mi gbé fún mi ni?' Mo wò yín lójú kòrókòró. Mo ní, 'Ìwọ náà rò ó wò.'"

Pẹ̀lẹ́ mú ẹsẹ̀ àga tó ń tún ṣe, ó wò ó, ó tún gbé e sílẹ̀. Ojú-Àwòdì fi àga ṣe ọ̀pá, ó ń rọra sọ̀kalẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde," ni Pẹ̀lẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Mo rò ó wò, ọ̀gá. Ẹ ní kí n rò ó wò, mo sì rò ó. Ilé bàbá náà ni mo gbà lọ. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ nígbà yẹn. Mo dúró lé e lórí níbi tó sùn sí, mo pè é ní olè. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́! Ẹni tó máa ń gé ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀ sí méjì fún mi! Ó ní, 'Ọmọ mi, mi ò jalè.' Mo ní kó má pè mí lọ́mọ mọ́. Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí n wá bá wọn gbé e. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mò ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Irin tí kò sẹ́ni tó gbé e wá ni mò ń lù." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ mi ò ti gbà láti kan ọkọ̀ mọ́. Ọ̀gá, ká ní ọkọ̀ nìkan lẹ gbà ni, ǹ bá ti gbàgbé. Bàbá mi lẹ gbà. Ẹ sì jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi lé e lọ."

"Ẹ dárí jì mí."

"Èmi kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ bẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ bá Ìyá."

Ìyá náà, opó ọ̀gá Pẹ̀lẹ́, ń ká aṣọ gbígbẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó ń gbé, àwọn ará ilé ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ. Pẹ̀lẹ́ kò gòkè. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló dúró sí. Ojú-Àwòdì kí ìyá, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ìyá fọwọ́ sétí. "Kí lo wí? Etí mi ti di. Sọ̀rọ̀ sókè."

Ó tún un sọ.

"Sókè!"

Ni ọkùnrin tó ní òun kò lágbára láti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọlọ́dẹ̀dẹ̀. "Èmi ni mo yí nọ́ńbà ọkọ̀ náà padà, Ìyá! Ọkọ yín ò jalè! Èmi lolè! Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn!" Lẹ́nu ẹ̀rọ, garawa kún, omi ń dà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí pa á.

Ìyá ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó tò ó lé àwọn yòókù. "Mo gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́," ló wí. "Wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n fi ba orúkọ ọkọ mi jẹ́ ládùúgbò yìí. Ariwo ni mo fẹ́ kí wọ́n fi tún un ṣe." Ó wá yíjú sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. "Ìwọ. Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ìyá, mi ò mọ ojú tí mo máa fi wò yín."

"Ọ̀gá rẹ kò bínú sí ọ. Títí tó fi kú, tó bá gbọ́ ìró hámà níbì kan, á ní, 'Ta ló ń lu irin bí ẹni ń lu ejò yìí? Pẹ̀lẹ́ kọ́ nìyẹn.' Èmi ni mo bínú. Mo ṣì ń bínú. Gòkè wá jókòó, kí n lè ráyè bínú sí ọ dáadáa."

Pẹ̀lẹ́ gòkè, ó wó sẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá bí ọmọdé. Ojú-Àwòdì àti ọmọ rẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀, títì nìkan ni ọmọ Ojú-Àwòdì ń wò. Bàbá rẹ̀ ní, "Sọ̀rọ̀. Bú mi, bó bá jẹ́ pé èébú ni."

"Mò ń ro ohun tí mo máa kọ sínú fáìlì ni."

"Kọ orúkọ mi síbẹ̀."

"Orúkọ yín, Bàbá, òun náà lorúkọ mi."

Ojú-Àwòdì tẹ orí ba. Nígbà tó gbé ojú sókè, iwájú ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ni ọmọ náà páàkì sí. "Ọ̀gá tiwa ṣì wà nínú," ló wí. Ojú-Àwòdì ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

Ó tún un sọ níbẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó ti ń fi ìtàn ojú rẹ̀ tó mú ṣe àwòkọ́ṣe. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí pé kí n ba ayé ọmọ ènìyàn jẹ́. 'Dá a dúró díẹ̀' ni wọ́n ní. Tí ẹ bá gbọ́ irú rẹ̀, ẹ sá. Èmi ò sá, mo dúró, mo ń rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe bára mi lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́."

Àwọn ọmọ àna rẹ̀ bú u títí, wọ́n ní ó ba orúkọ òkú jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kó ẹní lọ sí yàrá kejì. Síbẹ̀, ọkọ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọmọ Ojú-Àwòdì ló fọwọ́ sí ìwé náà lórúkọ Pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn tó ti kọ gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe sínú fáìlì, tí kò yọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ la àyà Ojú-Àwòdì, Pẹ̀lẹ́ wá sí ọsibítù. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo ọkọ̀.

"Ẹ dárí jì mí kí wọ́n tó gbé mi wọlé," ni Ojú-Àwòdì wí.

Pẹ̀lẹ́ nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Mi ò tíì dé ibẹ̀, ọ̀gá. Mò ń bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n mi ò tíì dé ibẹ̀." Ó fa aṣọ ìbora tó ti yọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bò ó. "Ẹ má kú títí màá fi dé ibẹ̀."