Báńà Tó Dí Kànga Ìyá Ṣẹ̀fíátù

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ jókòó kó ka èyí tán. Ọdún mẹ́ta ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú, inú mi ò gbà á mọ́. Èmi Kòfowórọlá, tí gbogbo yín ń pè ní Àǹtí Kòfo, tí mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lójú ọ̀nà yunifásítì ní Ìwó níbí, èmi ni mo fi àwòrán parọ́ mọ́ Ìyá Ṣẹ̀fíátù. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi. Ojú mi là kedere nígbà tí mo ń ṣe é.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé iṣẹ́ ìwádìí wọn wá kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́, àwòrán ọ̀pá-ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní ṣáàtì sì máa ń wà nínú ẹ̀. Mo wò ó títí mo fi mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn tó ń lọ síléèwé lọ. Iye tó bá pọ̀, ọ̀pá rẹ̀ á ga. Iye tó bá kéré, ọ̀pá rẹ̀ á kúrú. Ẹni tí kò mọ ìwé kà rárá á wò ó, á sì mọ ohun tó ń sọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo tún fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí nítorí ẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣìnà.

Nígbà òjò ọdún náà, ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọdé àdúgbò wa. Kànga mẹ́rin la ní. Nọ́ọ̀sì Fáwọlé, tí wọ́n wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, kọ iye ọmọ tó ṣàìsàn nídìí kànga kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n ní kí n fi ya ṣáàtì kí gbogbo èèyàn lè rí i, wọ́n sì gba ìsinmi lọ. Ọmọ mọ́kànlélógójì ní kànga kìíní, méjìlélógójì ní ìkejì, mẹ́rìnlélógójì ní ìkẹta. Ìkẹrin, ti Ìyá Ṣẹ̀fíátù, tí ilé tó ń pọnmi níbẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo yà á. Ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí òpó ilé.

Mùkáílà, alága àdúgbò wa, wò ó, kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní, "Kòfo, kí leléyìí? Gbogbo ẹ̀ dọ́gba. Kí ni ká wá fi ìyẹn ṣe? Àwọn èèyàn ti ń bínú, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa bínú sí."

Ká ní mo ní làákàyè ni, ǹ bá dá a lóhùn pé dídọ́gba yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Tí kànga mẹ́rin bá ń ṣe àwọn ọmọ bákan náà, á jẹ́ pé nǹkan mìíràn wà tí gbogbo wọn jọ ń mu. Ẹ má jẹ́ kí n tún parọ́: mo rí i, mo sì gbójú kúrò. Inú ń bí mi sí Ìyá. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n lé mi nídìí kànga wọn lójú gbogbo ayé, wọ́n ní ẹni tó ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tẹ̀wé ò mọ̀ pé ìfami tó dọ̀tí kì í wọ kànga àwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìfami mi dọ̀tí.

Dípò kí ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, mo ní kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ogójì. Mo gé ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Ohun tó kù lókè wá di ọ̀kan, méjì, mẹ́rin, méje. Mo kun ti Ìyá ní pupa. Mo yọ àwọn iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní ọ̀pọ̀ ò kúkú mọ̀ ọ́n kà. N kò yí iye kankan padà o, ìyẹn ni mo fi ń tan ara mi. Mùkáílà rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí ló sọ̀rọ̀."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí báńà, wọ́n so ó sí oríta. Ẹ kúkú mọ̀ wá. Báńà la fi ń kéde òkú, báńà la fi ń kéde ìgbéyàwó àti oyè. Ohun tó bá ti wà lórí báńà, ó parí náà nìyẹn. Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ jáde, gbogbo wọn dúró sábẹ́ ẹ̀, wọ́n ń nàka sí pupa.

Ibi tó burú jù ló kù yìí. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti gbára dì fún ìjà, ẹnu mi ti mú sílẹ̀. Wọn ò bá mi jà. Okùn kan ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Kòfo, mi ò mọ̀wé. Okùn ni mo fi wọ̀n ọ́n. Tèmi gùn tó ti àkọ́kọ́ lọ́nà méje. Ṣé pé tí ọmọ kan bá ṣàìsàn nídìí kànga tọ̀hún, méje ló ń ṣàìsàn nídìí tèmi?"

Ọmọ mẹ́fà péré ló wà láàárín mọ́kànlélógójì àti mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ìwé Nọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì mi, iwájú wọn gan-an. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Bó ṣe wà níbẹ̀ yẹn ni."

Wọ́n rọra ká okùn náà. Wọ́n ní, "Áà. Mo ti ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe." Wọ́n lọ pe Múyìíwá, ọmọ wọn tó jẹ́ bíríkìlà, wọ́n ní kó fi kọnkéré dí kànga náà lẹ́nu. Kànga tí ìyá ọkọ wọn gbẹ́.

Àìsàn ò dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ mọ́kàndínlógún mìíràn ló tún ṣubú lulẹ̀. Àsmá'ù, ọmọ Adébísí tí ilé wa jọ kángun síra, lo ọjọ́ mẹ́fà pẹ̀lú omi tó ń kán sí i lápá. Ojú ẹ̀ wọ inú, kò lè sunkún mọ́. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé, wọ́n rí báńà, wọ́n wọlé tọ̀ mí. Wọ́n béèrè ẹni tó gé ìsàlẹ̀ àwòrán náà. Mo ní kọ̀ǹpútà ló dá a ṣe. Wọ́n mú bíró, wọ́n ya ọ̀pá mẹ́rin láti òdo sẹ́yìn ìwé, wọ́n ní, "Níbo ni àwọn ọmọ kànga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ti ń pàdé?" Ilé kéú ni, táǹkì kan náà ni gbogbo wọn ti ń mumi níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí táǹkì ibẹ̀, òkú eku méjì ló ti jẹrà sínú ẹ̀.

Wọ́n fọ táǹkì, àìsàn lọ. Mùkáílà bẹ̀ Nọ́ọ̀sì kó má di ariwo, kí orúkọ ilé kéú má bàa bàjẹ́. Kò pẹ́ ni wọ́n gbé Nọ́ọ̀sì lọ sílùú mìíràn. Àdúgbò wá ń sọ pé dídí tí a dí kànga Ìyá ló ṣiṣẹ́. Mùkáílà sọ ọ́ ní ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ò jẹ́ kọ́mọ gba oúnjẹ lọ́wọ́ Ìyá mọ́, ọ̀pọ̀ ò sì kí wọn. Nígbà tó pé ọdún kan, Ìyá kó lọ bá Múyìíwá ní Kuta.

Lóṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ẹyinjúolúwa, gbé ṣáàtì ẹ̀ wá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe é, kó lè hàn." Bí mo ṣe máa ń ṣe é. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń yìn mí. N kò sì lè bínú sí i, torí ọ̀dọ̀ mi ló ti rí i.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Kuta lọ́jọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó láìfi nǹkan kan pamọ́. Ìyá ní, "Èmi nìkan kọ́ lo gbé e kọ́ fún. Àwọn tó o gbé e kọ́ fún ni kó o lọ sọ fún. Tí wọ́n bá wá pè mí, màá gbọ́." Wọn ò sọ pé àwọn dárí jì mí. Mi ò sì gbọdọ̀ fi ìyẹn yọ wọ́n lẹ́nu.

Mùkáílà ti ní tí mo bá gbé èyí jáde, òun á lé mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kó máa bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ya ṣáàtì, gbogbo iye tí ẹ kọ lè jẹ́ òótọ́, kí ohun tí ẹ fi han ojú sì jẹ́ irọ́ pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó, kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè ibi tí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bú mi tó bá wù yín, ó tọ́ sí mi. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ dẹ́kun kíkí wọn nítorí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ọkọ̀ Kuta. Tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ béèrè ilé Múyìíwá bíríkìlà, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Iwájú ìta ni Ìyá máa ń jókòó sí. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì ní ẹ wá pè wọ́n wálé ni.