Èmi Ni Mo Fa Àsíá Pupa Náà Tu

Ẹ pa fáànù yẹn. Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde nínú yàrá yìí kó sọ pé òun ò gbọ́ mi dáadáa. Ẹ ti ilẹ̀kùn. Àbúrò mi, kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, lọ jókòó ti ọkọ rẹ. Ọmọ mi obìnrin, tan fóònù rẹ kó máa gba ohùn mi sílẹ̀, torí ẹ máa nílò rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ má wo ara yín lójú bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí dókítà sọ fún yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níjọ́sí. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe mí, kì í ṣe etí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì tipẹ́tipẹ́, òní ni màá bì í síta. Tó bá rùn, ẹ fara dà á.

Àná ló fà á. Àná, àna mi yìí, ọkọ àbúrò mi, gbé mi lọ sílé ìwẹ̀ bó ṣe máa ń gbé mi láràárọ̀, torí ọmọ tí mo bí ò lè gbé mi láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ó bu omi lọ́wọ́ọ́rọ́ sí mi lẹ́yìn, ó ń fọ̀ mí jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fọ abọ́ tó ti sán. Ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo ti rò ó títí. Bóyá lóòótọ́ ni mo gbàgbé àsíá yẹn lọ́jọ́ náà. Gbogbo èèyàn ò kàn lè máa parọ́ mọ́ mi." Ó tún rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi orí gbá ògiri. Kì í ṣe òun ló bí mi nínú, èmi ni. Mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, mo ti gba orúkọ rere rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló kù tó dá a lójú nípa ara rẹ̀, mo ti wá gba ìyẹn náà. Olè wo ló tún wà lẹ́yìn ìyẹn?

Ẹ̀yin ọmọdé inú yín ò mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan létí òkun ló gba èmi àti àna mi síṣẹ́. Èmi ni oní-fọ́tò wọn. Òun ni aṣọ́mi, ẹni tó ń ṣọ́ àwọn àlejò tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ kí omi má bàa gbé wọn lọ. Ẹja ni wọ́n ń pè é, torí ó mọ omi í wẹ̀ ju bó ṣe mọ ilẹ̀ í rìn. Òkun ibẹ̀ mọ́ gaara. Bó bá mù ọ́ dé àyà, wàá ṣì máa rí èékánná ẹsẹ̀ rẹ nísàlẹ̀. Ó sì búlúù débi pé àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á kọ́kọ́ yanu, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ọmọ tí wọ́n gbé bàtà tuntun fún. Àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn réré wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò ó. Ó rẹwà, mi ò lè purọ́. Ẹwà yẹn gan-an ló tàn mí jẹ.

Láàárọ̀ kùtù, kí àlejò kankan tó jí, àna mi á ti máa rìn létí omi, á máa ju èèpo ọsàn sínú rẹ̀, á sì máa wo ibi tí wọ́n ń lọ. Ibi tí omi bá ti ń wọ́ èèpo lọ sáàárín òkun, ọ̀kánkán ibẹ̀ ló máa ri àsíá pupa rẹ̀ mọ́. Kì í wà lójú kan náà lójoojúmọ́, torí iyanrìn abẹ́ omi kì í dúró jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó nawọ́ sí omi. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ rí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, tó ń hó yẹn? Ìyẹn ò já mọ́ nǹkan, ariwo lásán ni. Ibi tó dákẹ́ láàárín wọn, tó tún wá búlúù ju gbogbo ìyókù lọ, ẹ máa sá fún un. Ibẹ̀ ni omi ń gbà padà sílé. Tó bá bá yín lójú ọ̀nà, ó ń kó yín lọ nìyẹn." Nítorí náà mo mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró nídìí òkú mi kó máa sọ pé oní-fọ́tò lásán ni, kò mọ̀. Mo mọ̀ dáadáa.

Ẹ wá wo wàhálà tó wà níbẹ̀. Ibi tó ń pani yẹn náà ló máa ń dára jù nínú fọ́tò. Ojoojúmọ́ ni àsíá pupa máa ń dúró gàgàrà síwájú ibi tó rẹwà jù lọ. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni, tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó bá ń lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ó tẹ́ àwọn àwòrán mi sórí tábìlì, ó ní, "Oní-fọ́tò wa, pupa yìí ń ba búlúù wa jẹ́. Ta ló máa fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ wá sinmi níbi tí wọ́n ti ń fi ewu hàn án?" Kò ní kí n fà á tu o. Irú wọn kì í sọ ọ́. Wọ́n á kàn sọ ohun tí wọn ò fẹ́ rí, wọ́n á sì jẹ́ kó o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ìyókù. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí àna mi bá ti kọjá sí apá kejì, màá fa àsíá tu, màá ya fọ́tò mi, màá sì dá a padà síbi tó wà. Mo ṣe é ṣe é, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó bà mí jẹ́ nìyẹn, pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, nọ́ọ̀sì kan gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó mú ìyá rẹ̀ wá. Ìyá náà sọ fún mi pé látìgbà tí òun ti wà lọ́mọge lòun ti ń sọ pé òun fẹ́ fojú kan omi búlúù, kí ojú òun tó ṣú. Ó jókòó lábẹ́ agboòrùn, ó gbé sálúbàtà ọmọ rẹ̀ lé itan. "Ẹ yà á kó dáa o," ó ń pariwo sí mi, "kí àwọn ará ilé wa mọ̀ pé a débí!" Mo ti fa àsíá tu, mo ti yẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn mi. Mo ti ya omi náà lófìfo, ó wù mí dọ́kàn. Mo wá ní kí nọ́ọ̀sì wọlé sínú omi. Mo ní, "Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀." Ó sún. Mo ní, "Ẹ tún sún díẹ̀ sí i, ibẹ̀ yẹn gan-an ló búlúù jù." Ó sọ ọ́ o, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá oní-fọ́tò, omi yìí ń fa ẹsẹ̀ mi." Kí ni mo fi dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn? Mo ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín." Ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Mo kígbe. Àna mi wà lápá kejì, ó ń bá ọmọ kan yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé àsíá òun wà ní ìdúró. Ó sá eré wá, kò bi mí léèrè ohunkóhun, ó bẹ́ sómi. Nígbà tó wà nínú omi yẹn, tó ń bá a jà, tí gbogbo ojú wà lára rẹ̀, kí ni èmi ń ṣe? Ẹ gbọ́ o. Mo gbé àsíá náà lọ sẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì wa iyanrìn, mo sì sin ín, àti àsíá àti ọ̀pá rẹ̀. Mo tẹ́ iyanrìn ojú rẹ̀ dọ́gba. Kí n tó parí, ó ti ń wọ́ ọmọbìnrin náà bọ̀ sí etí omi. Omi iyọ̀ ń tú jáde lẹ́nu òun alára, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń tẹ àyà nọ́ọ̀sì náà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mí. Kò mí. Àwọn èèyàn ló wá fà á kúrò lórí rẹ̀.

Ìyá náà ò sunkún. Ó di sálúbàtà ọmọ rẹ̀ mú mọ́ àyà, ó bi wá pé, "Ṣé kò sí nǹkan kan tí ẹ fi ń sọ fún èèyàn pé kó má wọ ibẹ̀ ni?" Àna mi gbójú sókè láti ibi tó nà sí. "Ó wà, Mà. Mo gbé àsíá pupa sí…" Ó wo ibẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ti dé. Ó wò mí, mo wò ó. Ó ní, "Ìwọ lo ti wà níbí látàárọ̀. Ṣé o rí àsíá?" Ó mọ̀! Mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, kí fóònù yẹn gbà á dáadáa, ọkùnrin náà mọ̀. Mo wá na ìka sí ọkọ àbúrò mi tó dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn, mo ní, "Mi ò rí àsíá kankan lónìí, sà. Mo rò pé ó sùn gbàgbé ni."

Ẹ mọ ìyókù. Wọ́n lé e. Ẹja di Asùn-gbàgbé, látẹnu ọmọdé dé ẹnu àgbà. Àbúrò mi, o tọ̀ mí wá nínú kíṣínì, o ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo mọ ọkọ mi, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti jáde nílé. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí gan-an?" Mo wo ojú rẹ, mo ní ohun tí mo sọ náà ni mo rí. Mo tún ní kó o palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́ kó o padà sílé wa. O lọ bá ọkọ rẹ. Àwòrán omi lófìfo yẹn, tí mo yà kí nọ́ọ̀sì tó wọlé, òun ni wọ́n lẹ̀ káàkiri pápákọ̀ òfuurufú, òun náà lẹ gbé kọ́ sí pálọ̀, tí ẹ fi ń fọ́nnu fún àlejò. Ẹ lọ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má tún gbé e kọ́ síbì kankan.

Ìwọ ọmọ mi ọkùnrin, tó o ń gbé kámẹ́rà kiri etíkun, tó o ń ya àwọn èèyàn ní fọ́tò níbi tí omi ti mọ́ jù, gbọ́ mi. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ní kó o yọ nǹkan kan kúrò nínú àwòrán torí kó lè rẹwà, kọ́kọ́ wá ẹni tó gbé e síbẹ̀, kó o bi í pé kí ló dé tó fi gbé e síbẹ̀. Ẹ wá ìyá nọ́ọ̀sì yẹn fún mi, tàbí àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ gbé ohùn yìí fún wọn. Mi ò ní kí wọ́n dárí jì mí. Ẹ̀yin náà tí ẹ ti ń dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ fi mí sílẹ̀. Èmi ni mo parọ́, àmọ́ ẹ̀yin lẹ fi irọ́ náà pe àgbàlagbà lórúkọ lójú ọmọ rẹ̀, ẹ tún ń rẹ́rìn-ín. Òun ni kí ẹ kúnlẹ̀ fún.

Kí ló sọ? Àna mi, sọ̀rọ̀ sókè, má fi ọwọ́ bo ẹnu. Bú mi. Ó tọ́ sí mi. Kí lo wí? Ṣé ohun tó o fẹ́ bi mí nìyẹn, bóyá lóòótọ́ lo gbé àsíá yẹn síbẹ̀? O gbé e síbẹ̀. O fi gìgísẹ̀ wa ihò, o ri ọ̀pá náà bọ̀ ọ́, o fi ẹsẹ̀ tẹ iyanrìn yí i ká, o wá mì ín láti mọ̀ bóyá ó dúró. Ó dúró dáadáa. Mo wà lẹ́yìn rẹ, ojú mi ló ṣe.