Ẹ Fi Àúdù Sílẹ̀ Nítorí Ìbídàpọ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìbànújẹ́. Ẹ̀yin ará Ìdógò, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Ìlaròó àti Ayétòrò, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin ọlọ́kadà tẹ́ ẹ to máṣíìnì yín síta níbẹ̀ yẹn, mo rí yín, ẹ ṣeun. Jemima ni mí, aránṣọ, ẹ̀gbọ́n Ìbídàpọ̀. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Àwọn kan ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, kí pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ á sọ tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bí mo bá sì sunkún, ẹ dúró dè mí.

Gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ tí àbúrò mi ń ṣe. Mẹkáníìkì ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé máṣíìnì tuntun wá, á ní kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ògbólógbòó ni tiẹ̀, èyí tí onítọ̀hún ti fẹ́ tà fún àwọn tó ń ra irin. Á ní kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ ta á kóun gbọ́ ohùn rẹ̀. Tó bá dáhùn, tó tún kú, á tú nọ́ọ̀tì kékeré abẹ́ kábúrétọ̀, á gbé ife gíláàsì sábẹ́ rẹ̀, á wá na ife yẹn sí oòrùn. Omi á wà nísàlẹ̀, bẹntiróòlù á wà lókè. Á pe onímáṣíìnì kó wá fojú ara ẹ̀ wò ó, kó lè mọ ohun tí wọ́n tà fún un. Láínìn tí mo fi ń rán aṣọ ìyàwó ló ń jí gé, òun ló fi ń sẹ́ bẹntiróòlù yín. Mo bú u títí, ó rẹ̀ mí.

Ó lágídí. Mo ra rọ́bà onípọ́ńpù fún un, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ láti fa bẹntiróòlù, nítorí mi ò fẹ́ kó máa fi ẹnu fà á. Ó fi kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ẹnu òun yá jù ú lọ. Ó ṣì wà lára ògiri níbẹ̀, eruku ti bò ó.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ìgboro ti sọ tiẹ̀, èyí tí ìgboro ń sọ kò dáa. Àúdù, àgbẹ̀ Jọ̀gá-Orílé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló gbé máṣíìnì rẹ̀ wá. Ó ń dáhùn, ó ń kú. Ìbídàpọ̀ tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo ojú ihò rẹ̀, ó dà á padà. Ó tún kú. Ó ní kábúrétọ̀ kọ́, bẹntiróòlù ni kò dé ibẹ̀. Kó lè mọ̀ bóyá inú táǹkì ló ti dí, ó yọ rọ́bà tó so táǹkì mọ́ kábúrétọ̀, ó fi ẹnu sí i, ó ń fà. Àúdù ní bó ṣe fa ọmú ìyá rẹ̀ títí ó fi fẹ́ẹ̀ wọ ilé-ìwé náà nìyẹn. Ìbídàpọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn gan-an ni ohun tó dí táǹkì já, bẹntiróòlù sì rọ́ wọ̀ ọ́ lọ́fun.

Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àúdù sáré wọ ilé kejì, ó mú ìgò epo pupa jáde, ó rọ ọ́ fún un mu. Ó bì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ mi, ó dìde, ó fọ gbogbo ìdógùn-ún tó wà nínú táǹkì yẹn, ó parí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ni èémí rẹ̀ yí padà, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlaròó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí ìgò lọ́wọ́ Àúdù lẹ sọ pé ó fún un ní nǹkan jẹ. Ẹ ní kí ló dé tí òun náà ò mu nínú rẹ̀. Ta ló ń mu epo pupa nígbà tí nǹkan kan ò ṣe é? Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń dúró kí a sin òkú tán kí wọ́n tó lọ bá a ní Jọ̀gá. Qúdrát ìyàwó Àúdù ti kó àwọn ọmọ sá lọ sí Ìmẹ̀kọ.

Mo bi dókítà, mi ò sì ní fi nǹkan kan pamọ́ fún yín. Ó ní bẹntiróòlù ló wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní a kì í jẹ́ kí ẹni tó mu bẹntiróòlù bì, pé èébì yẹn lè tún gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó dáa. Nínú gbogbo wa níbí, ẹni tí kò bá ní ṣe bí Àúdù ti ṣe, tí kò ní wá epo pupa, kó na ọwọ́ sókè.

Mi ò rí ọwọ́ kankan. Tèmi náà kò sí lókè. Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, màá ti rọ ọ́ fún un, màá sì dúró tì í kó mu ún tán. Bí ẹ bá fẹ́ mú ẹni tó pa á, ẹ mú gbogbo wa.

Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣòro fún un, ó bi mí pé, "Ṣé máṣíìnì Àúdù ń rìn?" Mo ní òun ni Àúdù gùn tẹ̀lé wa dé Ìlaròó, pé ó wà níta. Ó ní, "Kò kú lójú ọ̀nà?" Mo ní kò kú. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọlámipọ̀ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbọ́. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, mo fi òkú yìí bẹ̀ yín, ẹ yé fi ẹnu fa bẹntiróòlù. Bí ó bá sì ṣèèṣì wọ ẹnìkan lọ́fun, ẹ má fún un ní nǹkan kan mu. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ má dúró wo bóyá á dáa.

Àúdù, mo rí ẹ lẹ́yìn ọgbà níbẹ̀ yẹn. O ti dúró síbẹ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ orin. Wọlé. Ẹ fún un lọ́nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé òkú lọ́la, kí ẹni tó wà níbi orí bọ́ sẹ́yìn, Àúdù ló máa dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ fi ṣe é, ọ̀dọ̀ èmi Jemima ni kó kọ́kọ́ gbà.

Ìbídàpọ̀, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n, máa lọ. Kí ọ̀nà rẹ tẹ́jú ju ọ̀nà Ìmẹ̀kọ tó kún fún kòtò lọ. Kí àwọn òbí wa tó ti lọ rí ẹ lókèèrè, kí wọ́n wá pàdé rẹ. Má bẹ̀rù, a ò ní jù ẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àúdù ló ń gbé ẹ lọ.