Ọwọ́ Tó Lu Ìlù Inú Àwo Wa Tó Kẹ́yìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra àwo orin wa tó kẹ́yìn, tẹ́ ẹ sì ń yin ìlù inú rẹ̀, ẹ gbọ́. Àìsàn yìí ò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé irọ́ yìí kiri. Kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n Fẹ̀sọ̀ ló lù ú. Èmi ni.

Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ irú orin rọ́ọ̀kì tí rédíò ń sá fún. Èmi ni mò ń ta gìtá, Ẹ̀gbọ́n Fẹ̀sọ̀ ń lu ìlù. Ẹ̀fẹ̀ lorúkọ yẹn, torí wọn ò fẹ̀sọ̀ lu nǹkan kan rí. Àwọn náà ló kọ́ mi ní ìlù kí n tó yà sídìí gìtá. Òfin wa ni pé inú yàrá kan náà la ti ń gba ohùn gbogbo wa sílẹ̀ pọ̀. Bí ẹnì kan bá ṣì í, gbogbo wa á tún un bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ti ń gbọ̀n nígbà náà. A tún un ṣe títí, ó sú wa. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ mi ṣe rí báyìí nìyẹn." Gbogbo wa gbà, tàbí kí n sọ pé mo ṣe bí ẹni tó gbà. Ìgbéraga ni tèmi. Mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn fi àwo ìdágbére wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ sílé, mo bẹ ọkùnrin tó ń gba ohùn wa sílẹ̀ pé kó jẹ́ kí n tún ìlù náà lù. Ó ní, "Ṣé ẹ máa sọ fún Ẹ̀gbọ́n Fẹ̀sọ̀?" Mo ní màá sọ. Mo jókòó sídìí ìlù, mo lù ú bí Ẹ̀gbọ́n ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́, a sì fi tèmi rọ́pò tiwọn.

Ìyẹn ò tíì burú tó. Nígbà tí àwo jáde, Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ, wọ́n wò mí lójú. "Àbúrò, ta ló lu èyí?"

"Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò rántí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Àgbà ti dé nìyẹn." Ẹyin lohùn, mi ò rí i kó mọ́. Látìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n ti pa igi ìlù tì, wọn ò wa ọkọ̀ mọ́. Ìyàwó wọn sọ fún mi pé, "Ó máa ń jẹun tán, á tún bi mí bóyá òun ti jẹun lóòótọ́. Kò gbàgbé o. Kò kàn gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́ ni." Mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi tán, mo ní, "Ẹ kú ìtọ́jú, ìyàwó wa." Mo sì dìde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọrin, ẹ jẹ́ kí àṣìṣe ọ̀rẹ́ yín wà nínú àwo yín.

Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ lù ṣì wà. Mo ti ní kí wọ́n gbé e wá fún yín. Ẹ forí jì mí. Ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n. Orí yín pé.