Ọ́ìlì Bọ́ọ̀sì Ìjọ Tí Mo Dákẹ́ Lé Lórí

Ẹ̀yin ará mi, ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì tuntun lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ. Ìyàwó mi ti lọ aṣọ funfun mi, ó ti fi kọ́ sára ògiri, orin ló sì ń kọ kiri ilé láti àárọ̀. Ó ní Ọlọ́run ti gbèjà mi. Bí mo bá jáde sí àdúgbò wa ní Kemta, àwọn ará ìjọ á máa nawọ́ sí mi láti ọ̀nà jíjìn: "Bàbá Dírẹ́bà, ẹ kú oríire o. Ojú ti ọ̀tá yín." Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá ní a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn tí n kò rí ọ̀rọ̀ kankan bá Ẹlẹ́dàá mi sọ. Èmi ni mo pa bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ra tuntun. N kò fi ọwọ́ kàn án. Ẹnu ni mo fi pa á, mo sì fẹ́ kó kú bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wa ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ ìsìn ni, wọn kì í san nǹkan kan fún mi. Àwọn ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, tí wọn kò lè gun òkè wá sí ilé Ọlọ́run, àwọn ni mo máa ń gbé láti ojúlé dé ojúlé. Bọ́ọ̀sì náà ti dàgbà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Iná pupa kékeré tó yẹ kó tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù bí ọ́ìlì bá ń yọnu ti kú láti ọdún kejì, n kò sì tún un ṣe, nítorí n kò nílò rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni mo ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Màá fa géèjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo ọ́ìlì, màá fi àkísà nù ún, màá tì í padà, màá tún un fà yọ, kí n lè mọ bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó àti bí ó ṣe dúdú tó. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, mo ti wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Láfẹ́nwá nìyẹn. A ó tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù pátápátá, a ó pààrọ̀ fílítà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀, a ó rọ tuntun sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó mọ̀ lónìí: ọ́ìlì tó bá pẹ́ jù nínú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọ́ìlì mọ́. Á ki, á di ẹrẹ̀ dúdú, á dí ojú ọ̀nà tó yẹ kó gbà kọjá, irin á wá máa ha irin. Bí o bá sì ń rọ tuntun díẹ̀díẹ̀ lé ẹrẹ̀ náà lórí, ara rẹ lo ń tàn jẹ, nítorí tuntun náà á bá a bàjẹ́ ni. Mo mọ èyí bí mo ṣe mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí.

Alàgbà kan fẹ̀yìntì láti Èkó, ó padà wá sílé, wọ́n sì fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ọkọ̀. Alága ni n ó máa pè é, n kò fẹ́ fi ẹnu mi pe orúkọ rẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó mọ aṣọ wọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí. Kò tíì lo oṣù mẹ́ta lórí oyè náà tó fi dìde ní àsìkò ìkéde lọ́jọ́ Ìsinmi kan, tó ní kí n jáde wá síwájú.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè, Bàbá, kí ìjọ rí i."

Mo gbé e sókè. Mo ṣebí ó fẹ́ yìn mí ni, mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Sátidé tó kọjá ni mo ṣiṣẹ́ ọkọ̀ náà, gbogbo èékánná mi ló dúdú.

"Ọwọ́ yìí ló ń fa àwọn ìyá wa wọ ọkọ̀ Olúwa," ó ní. "Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni Bàbá ń da ọ́ìlì nù. Ọkọ̀ tèmi, ó lè lo ọdún kan gbáko, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n, ṣé bọ́ọ̀sì ló ń mu ọ́ìlì yìí ni, àbí wọ́n ń fi dín àkàrà nílé?"

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ akọrin rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi ń fi ìwé orin bojú. Ìyàwó mi tẹ orí mọ́lẹ̀, kò gbé e sókè mọ́ títí tí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Alága ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí n lọ sinmi, ó sì pe àbúrò ìyàwó rẹ̀ jáde, Wọlé, ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún tó ń wa ọkọ̀ kékeré fún ilé-ìwé kan. Mo délé, mo bu omi, mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ ọwọ́ mi títí awọ ara fi ń bó. Láti ọjọ́ náà ni àdúrà mi ti yí padà. N kò gbàdúrà ọmọ mọ́, n kò gbàdúrà àlàáfíà mọ́. Àwọn ẹsẹ Ìwé Mímọ́ tí àwọn ará àtijọ́ fi ń bẹ Ọlọ́run pé kó fọ́ eyín ọ̀tá wọn lẹ́nu, àwọn ni mo há sórí, ojú Alága ni mo sì ń rí bí mo bá ń kà wọ́n.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Wọlé wá bá mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. N kò du ipò yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n gbà á. Ẹ bá mi sọ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ yẹn, n kò wa bọ́ọ̀sì rí."

"Kò sí wàhálà níbẹ̀. Epo, omi, kí o wo táyà."

"Ọ́ìlì rẹ̀ ńkọ́, sà?"

Mo lè dá ẹjọ́ ara mi láre lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀rọ̀ sọ lórí ibí yìí. Ìbéèrè tó yẹ kó bi mí gan-an ló bi mí. Ó ku kí n la ẹnu. Mo wò ó, ojú ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo rí.

"Ṣebí ọ̀gá rẹ ti sọ ọ́ níwájú ìjọ," mo ní. "Bí o bá rí i pé ó dín, rọ díẹ̀ kún un. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Tó bá wá ń yọnu, báwo ni n ó ṣe mọ̀?"

"Iná pupa kan wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí kò bá ti tàn, máa bá tìẹ lọ."

Ó yọ ìwé kékeré jáde látinú àpò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń kọ ìwàásù. Kó tó lọ, ó ní kí a gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn mi.

Ó ju ọdún kan lọ tí mo fi dúró. Ẹ kò lè mọ adùn tó wà nínú irú ìdúró bẹ́ẹ̀ àfi tí ẹ bá ti kórìíra ènìyàn rí. Orí ìjókòó mi nínú ilé ìsìn ni mo ti ń gbọ́ ọkọ̀ náà bó ṣe ń gun òkè bọ̀. Ní oṣù kẹfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ láàárọ̀. Ní oṣù kẹwàá, èéfín rẹ̀ ti ń yí padà, Wọlé sì ń rọ ọ́ìlì kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ìró kan jáde látinú ikùn ẹ́ńjìnnì náà, kò, kò, kò, bí ẹni tó ń fi òòlù kan ilẹ̀kùn. Ìró yẹn dùn mọ́ mi ju orin ẹgbẹ́ akọrin lọ. Ọlọ́run dárí jì mí, mo fi ìka ẹsẹ̀ mi bá a lọ.

Kí ni Alága ṣe sí i? Ó ní ogun ayé ni. Lẹ́yìn ìsìn, ó kó gbogbo wa jáde sínú oòrùn, a yí bọ́ọ̀sì ká, ó ní kí àwọn àgbà gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí a lé ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ Olúwa lọ. Màmá Tíṣà, ìyá àgbà tó kọ́ mi ní Ìwé Mímọ́ ní kíláàsì ọmọdé, ti wọlé jókòó sí iwájú. Ó yọ orí láti ojú fèrèsé.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ ti pe mẹkáníìkì ná?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí là ń sọ," Alága dá a lóhùn.

"Èmi náà ní ẹ̀mí. Nígbà tí eyín ń dùn mí, mo gbàdúrà, mo sì lọ bá oníṣègùn eyín." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Màmá wá yíjú sí mi. "Ìwọ tí o wà á pẹ́, kí ni etí rẹ gbọ́?"

Ẹ wò ó, Ọlọ́run rán obìnrin yẹn sí mi ni. Mo gbé ọwọ́ mi lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná, mo ní, "Màmá, àdúrà ló kù." Alága gbàdúrà pé kí ọ̀tá tó wà láàárín wa má rí ìsinmi. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ṣe àmín, ohùn mi ló sì ròkè jù.

Ní Sátidé kejì, àwọn ìyá ìjọ ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ìyàwó mi ti wọṣọ tán. Mo ní kó má lọ, mo ní ara mi kò dá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ti rí irú ènìyàn tí mo jẹ́. Mo yọ tèmi kúrò, mo jẹ́ kí ìyá ẹlòmíràn wọlé.

Wọ́n débẹ̀. Bíbọ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà gan lójijì lórí ìdagẹ̀rẹ̀. Irin inú rẹ̀ kan já, ó lu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì jáde, bíréèkì sì le bí òkúta, nítorí agbára ẹ́ńjìnnì ló ń mú un rọ̀. Wọlé kò fò jáde. Ó yí ọkọ̀ náà sínú gọ́tà kó má baà kọlu àwọn tó ń bọ̀ níwájú. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n Màmá Tíṣà ṣubú lu ìjókòó, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Títí di òní olónìí, orí ibùsùn ló wà. Nígbà tí mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n pè wá wá wò ó. Ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ṣàn mọ́. Ó dì bí ọṣẹ dúdú, ọwọ́ ni wọ́n fi ń họ ọ́ jáde.

Mo wá dúró kí ojú ti Alága. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí nìyẹn. Alága dìde níwájú ìjọ, ó nu ojú, ó ní: "Ẹ̀yin náà jẹ́rìí mi, mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì." Àwọn ènìyàn tó rẹ́rìn-ín sí ọwọ́ mi wá ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọlé ló ní kó kúnlẹ̀, Wọlé ló pè ní aláìbìkítà. Wọ́n bi í bóyá ẹnìkan ló ṣì í lọ́nà. Ó wolẹ̀, ó ní, "Àìmọ̀ mi ni." Ilé-ìwé tó ń bá ṣiṣẹ́ gbọ́, wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bíríkì ló ń rù báyìí nílé tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà Òṣíẹ̀lẹ̀, bó bá sì ti ṣíwọ́, ọ̀dọ̀ Màmá Tíṣà ló ń lọ láti pọn omi fún un.

Ó tún wá bá mi lẹ́ẹ̀kan, ìwé kékeré yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, mẹkáníìkì ní iná pupa yẹn ti kú tipẹ́. Ṣé ẹ kò mọ̀ ni?"

"N kò mọ̀."

Ó ti ìwé náà bọ àpò. "Ó dáa, sà," ó ní, ó sì dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ.

Alága wá dá owó ọkọ̀ tuntun sílẹ̀, ìjọ dá sí i, wọ́n ń pè é ní ẹni tí Ọlọ́run lò. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pè mí padà, pé ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ni a nílò. Kò bẹ̀ mí. Kò tilẹ̀ rántí pé òun sọ ohun kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì yín lásìkò, ẹ tú u dànù, ẹ má ṣe àbùkún lásán, ẹ má sì gbọ́kàn lé iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìyẹn ni mo lè kọ́ yín. Èyí tó kù, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n jẹ́wọ́ kí n tó gba kọ́kọ́rọ́ yẹn. Bí Wọlé bá gbá mi létí, n ó gbà á. Bí Màmá Tíṣà bá ní kí n má dé ọ̀dọ̀ òun mọ́, ó tọ́ sí mi. Wọ́n lè lé mi kúrò nínú ìjọ, n ó rìn lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí Alága máa ṣe. Á sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ nínú aṣọ rẹ̀ tó mọ́, á na apá méjèèjì, á gbá mi mọ́ra níwájú gbogbo wọn, á ní òun dárí jì mí, gbogbo ìjọ á sì pàtẹ́wọ́ fún un. Èyí ni n kò lè fara dà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin ará, ọjọ́ Ìsinmi ti kù sí dẹ̀dẹ̀: báwo ni mo ṣe lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi tí ọkùnrin yẹn kò ní rí àyè dárí jì mí?