Ohun tí Wọ́n Ṣe fún Màmá Ọmọ́yẹlé ní Ibùdókọ̀ Rélùwéè

Alága wa níjokòó, Olóyè Adégbóyè, mo júbà. Ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ ti Òde Ugbò wọkọ̀ wá láàárọ̀ yìí, tí omi ta sí yín láṣọ nítorí mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa láti Ugbonla, ẹ̀yin olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ ti sọ Igbokoda dilé, mo kí yín. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyíwọlá, ẹ̀yin tí ẹ kó àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sínú bọ́ọ̀sì láti ìlú ńlá wá síbí, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú ìjókòó. Jọọlá, aya mi, mo rí ẹ níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ìdágbére fún iṣẹ́ rélùwéè tí mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí n dúpẹ́, kí n pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀, kí n gba aago ńlá tó wà lórí tábìlì yẹn, kí n sì lọ jókòó. N ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń bínú o! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí aṣọ funfun tí mo wọ̀ yìí tàn yín jẹ. Àwọn àgbà ní ìbínú kò da nǹkan fún ni, òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ ìyá rẹ̀ máa rẹ́rìn-ín káàkiri.

Èmi Godspower Olówòkéré, Ugbonla ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó mọ ilẹ̀ gbígbẹ ẹ́ rìn dáadáa ni mo ti mọ àjẹ̀ dìmú. Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ rélùwéè, àsíá ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́, pé kí n máa jù ú fún ọkọ̀. Ìyá mi bi mí pé iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe lọ́hùn-ún, mo ní mò ń fi aṣọ dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ọma mi, ṣé o ò rí uṣẹ́ gidi ṣe ni?” Iṣẹ́ yẹn náà ló kọ́ ulé, òun ló rán àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ ibùdókọ̀ ńlá tuntun, oníjígí, tó ń dán bí ojú omi ní ọ̀sán, wọ́n gba àsíá lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí n máa júwe ọ̀nà fún èrò. Ibẹ̀ ni mo wà títí tí wọ́n fi ní ó tó. Mi ò ní dárúkọ ibùdókọ̀ náà. Àwọn tó ni ín wà níjokòó, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó fún yín, torí kò sẹ́ni tó sọ fún yín rí, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú. Ẹ tètè dé. Ọkọ̀ Igbokoda tiwa yìí, ṣé kì í ṣe ìgbà tó bá kún ló ń ṣí? Ẹ ó ra àkàrà, ẹ ó jẹ ẹ́ tán, awakọ̀ á ṣì máa pe ẹnì kan ṣoṣo tó kù. Rélùwéè kò mọ ìyẹn. Bí àsìkò rẹ̀ bá ti tó, ó ń lọ nìyẹn, ì báà jẹ́ òun àti atẹ́gùn nìkan ló wà nínú ẹ̀. Ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì dání, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tó bá orúkọ ara tíkẹ́ẹ̀tì mu, torí bí gbogbo Ugbonla bá ń pè yín ní Màmá Rejoice, Màmá Rejoice kọ́ ló wà lára káàdì yín, ẹni tó ń ṣọ́ géètì kò sì mọ Rejoice. Ẹ ó gbé ẹrù yín lé orí ẹ̀rọ kan tí yóò wọ́ ọ wọnú ihò. Ẹ má fò tẹ̀lé e! Kò sẹ́ni tó fẹ́ jí ẹja yín, ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń gbà jáde. Àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀ tó ń rìn fúnra rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń ti èbúté bọ́ sínú ọkọ̀ tí omi ń mì ni kẹ́ ẹ ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ má ṣiyèméjì láàárín. Bí ẹ̀rù bá sì bà yín, èyí tí kì í rìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìtìjú.

Bí ẹ bá dókè, ẹ jókòó. Pátákó kan wà níwájú yín tó ń tan iná, àsìkò ọkọ̀ àti ẹnu ọ̀nà tí ẹ ó gbà jáde wà lójú rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀wé kà, ẹ bi ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Bó bá kanra mọ́ yín, ẹ bi ẹlòmíì. Lẹ́bàá ojú irin, ẹ ó rí ìlà yẹ́lò kan lórí ilẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí, ọkọ̀ náà kì í bá èèyàn ṣeré. Ó gùn bí àdúgbò odindi. Lẹ́tà wà lára yàrá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà lára àga kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín ni tiyín. Kì í ṣe ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ wá.

Ó tán! Kí ló le nínú ẹ̀? Ọmọdé tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́hùn-ún ti gbọ́ ọ. Kí ló wá dé tí ibùdókọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò fi lè sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tó ń wá síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́? Ohùn obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ lókè àjà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Òyìnbó ló ń sọ, imú ló sì fi ń sọ ọ́. Èmi tí mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ibẹ̀, mi ò tíì mọ gbogbo ohun tó ń wí. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí onílé kò bá wá fi ọ̀nà hàn án, tó tún ń bú u pé kò ríran, irú onílé wo nìyẹn?

Ẹ̀yin èèyàn mi, lásìkò òjò tó kọjá, àbúrò Màmá Ọmọ́yẹlé kú sí ìlú òkè tó ti ń ṣiṣẹ́. Màmá ọ̀hún ló jókòó síwájú yẹn, tí wọ́n wé gèlè dúdú. Àbúrò kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wọn ti kú. Màmá kó àwọn obìnrin Ugbonla sòdí, wọ́n wọ ọkọ̀ omi, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi fúnra mi ni mo mú wọn kọjá ní géètì. Wọ́n tètè dé. Wọ́n mú káàdì dání. Kò sóhun tí wọn ò ṣe. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Màmá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Gbogbo èèyàn wọn ló wà ní apá kan. Apá kejì ṣófo, torí àwọn tó ni àga ibẹ̀ kò tíì dé. Ẹ̀yin ọmọ odò, ẹ dá mi lóhùn: bí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣí, tí gbogbo èrò rọ́ sí apá kan, kí ni ẹni tó dàgbà jù nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe? Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ti dáhùn kí n tó béèrè tán. Màmá Ọmọ́yẹlé dìde, wọ́n pariwo pé, “Ẹ pín ara yín! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanra, ẹ bọ́ sọ́hùn-ún! Ṣé ẹ fẹ́ dà wá nù ni?” Ni àwọn obìnrin bá pín ara wọn, ọ̀tún bí òsì, kí rélùwéè má baà dojú dé.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ibi tó já sí.

Àwọn tó ni àga dé. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin dìde, Màmá ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gún régé ni. Ariwo sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò sáré dé. Kò béèrè ìdí. Ó wo ìró wọn, ó gbọ́ òórùn edé nínú ẹrù wọn, ó ní, “Ẹ̀yin ará odò yìí, ẹ bọ́ sílẹ̀, ká tó mọ bá a ṣe máa tò yín.” Wọ́n sì bọ́ sílẹ̀, torí ẹni tó bá wọ yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n gbà pé ó mọ ohun tó ń sọ. Bí ẹni ìkẹyìn ṣe fẹsẹ̀ kanlẹ̀ báyìí, ilẹ̀kùn pa dé. Ọkọ̀ lọ.

Kí ni wọ́n ṣe? Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ní èbúté yìí náà ni. Wọ́n tú gèlè, wọ́n ń jù ú sókè, wọ́n ń pe ọkọ̀ kó padà. Lórí omi wa yìí, awakọ̀ wo ni ìyá àgbà á ju gèlè sí tí kò ní yí orí ọkọ̀ padà? Ọmọ ta ni? Ṣùgbọ́n rélùwéè ò mọ ìyá. Àwọn èèyàn yọ fóònù, wọ́n ń ya wọ́n ní fídíò, wọ́n ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi máa sáré débẹ̀, ìdí ọkọ̀ ni mo rí lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ṣì ní fídíò yẹn lórí fóònù, ẹ̀yin náà ń bí mi nínú o! Ìyá yín lẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n sin àbúrò Màmá lọ́jọ́ náà. Màmá kò sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀yìn ara wọn pọ̀n, ọwọ́ wọn kò bu erùpẹ̀ sí i.

Mùnírátù, dìde kí wọ́n rí ẹ. Ẹ wo ọmọ yìí dáadáa. Òun ló ń ṣọ́ géètì. Òun ló wá àga fún wọn lọ́jọ́ yẹn, tó bọ́ ìborùn ara rẹ̀ fún Màmá torí òtútù, tó jókòó tì wọ́n, tó ń sunkún. Ojú tó bá rò ní í sunkún. Kì í ṣe ará odò, kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń wí, síbẹ̀ ó gbọ́ èyí tó ṣe kókó. Mùnírátù, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìyá tìrẹ náà rìn kó ṣìnà.

Mo wá lọ sí ọ́fíìsì. Mo ní kí wọ́n ránṣẹ́ lọ bẹ Màmá. Wọ́n ní kò sí àṣẹ fún irú ìyẹn. Wọ́n ní ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì pé kí oníkálukú jókòó sí àyè rẹ̀, pé ẹni tí kò kà á ló jẹ̀bi ara rẹ̀. Ọ̀gá Ọláyíwọlá, ẹ má wolẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.

Mo sì fẹ́ràn yín o! Ẹ ti jẹ púpurú nílé mi, ẹ tún ní kí wọ́n bù sí i. Nígbà tí Jọọlá wà nílé ìwòsàn, mọ́tò yín lẹ gbé lé mi lọ́wọ́. Èèyàn gidi ni yín, ìdí nìyẹn tó fi dùn mí tó báyìí. Ìgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá mi wá sí Ugbonla ńkọ́? Ẹ dìde dúró gangan nínú ọkọ̀ láàárín omi, torí pé ẹ fẹ́ ya fọ́tò. Ọkọ̀ mì lọ́tùn-ún, ó mì lósì. Ṣé a ní kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni bi yín pé ẹ ò kàwé ni? Àwọn obìnrin inú ọkọ̀ dì yín lápá mú, wọ́n ní, “Ẹ jókòó, ọma, ẹ jókòó.” Ìyẹn náà ni wọ́n ṣe. Ìyẹn náà la ní kí ẹ ṣe fún wa, ẹ ò ṣe é!

Jọọlá ń mi orí sí mi. Ó ti bẹ̀ mí láti àárọ̀ pé kí n má sọ ọ́ níbí. Aya mi, o ti fara dà mí púpọ̀, o sì ṣeun. Fara da èyí náà.

Aago yẹn dára. Mo rí i pé orúkọ mi wà lára rẹ̀. Mi ò ní gbà á. Mo ti fi gbogbo agbára mi sin ibùdókọ̀ yẹn, mi ò sì béèrè ẹ̀bùn. Ohun kan ni mo fẹ́: kí ẹnì kan tó lè fi ẹnu rẹ̀ ṣojú ibùdókọ̀ náà bẹ Màmá Ọmọ́yẹlé lójú gbogbo èèyàn tó wà níbí. Alága, ẹ má juwọ́ sí mi, mi ò tíì ṣetán. Bí ẹ bá fẹ́ kí n jókòó, n ó jókòó. Inú mi ò ní jókòó.

Ọ̀gá, ibo lẹ ń lọ? Ẹ yà fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bẹ́ńṣì yẹn kúrò lọ́nà. Ẹ má pàtẹ́wọ́! Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Ẹ wò wọ́n. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ síwájú Màmá, nínú kóòtù dúdú yẹn, lórí sìmẹ́ńtì.

Màmá, a ò gbọ́ yín lẹ́yìn. Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Màmá ní kí ọma àwọn dìde, pé àwọn ti gbọ́. Màmá ní àwọn ò tíì rí ibojì àbúrò àwọn títí di òní, ẹ̀rù rélùwéè ló ń ba àwọn. Màmá ní kí Ọ̀gá fúnra wọn wá mú àwọn lọ, kí wọ́n fi àwọn jókòó sí àyè àwọn, kí wọ́n sì jókòó ti àwọn títí dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Ọ̀gá, kí lẹ wí? Ẹ gbé ohùn sókè. Ọ̀gá ní àwọn gbà. Wọ́n ní ọjọ́ wo?

Màmá ní ọ̀la.

Ẹ gbọ́ ọ o, ọ̀la! Ọlọ́run tó ni ọ̀la kó jẹ́ kí ọ̀la sunwọ̀n fún Màmá. Kó má jẹ̀ẹ́ kí àjò sọ ẹnikẹ́ni nínú wa di ẹni ẹ̀sín. Ẹ̀yin tí ẹ ń padà gba orí omi, ẹ ó gúnlẹ̀ láyọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba títì, ẹ ó délé bá ire. Òkú ẹni tí a bá fẹ́ràn, kí ọwọ́ wa tó o. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé gan-an ni.