Fíláàṣì Kan Lẹ́yìn Ìrun Àsùbá

Ẹ dúró ná, ẹ̀yin jàmáà! Ẹ dákun, ẹ dúró! Nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi báyìí báyìí, lórí àga yìí, lójú gbogbo yín! Mo ṣí fóònù kí n wo ibi tí mo kọ wáàsí mi sí, ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá já wọlé. Wọ́n ní àwọn ti yọ igba náírà nínú owó mi, pé mo ń gba ìròyìn bọ́ọ̀lù! Èmi? Bọ́ọ̀lù? Wàláhì, mi ò mọ ọjọ́ tí mo sọ pé mo fẹ́. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ yẹ tiyín wò kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Ó dáa. Wáàsí tí mo kọ wá, mo ti pa á tì. Ọ̀rọ̀ owó fóònù la máa sọ lónìí. Ọlọ́hun Ọba pa á láṣẹ fún wa pé kí á fún ìbátan wa ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí á má sì ṣe ná owó ní ìnákúnàá. Ojú kan náà ló ti sọ méjèèjì, kò tilẹ̀ mí láàárín wọn. Ṣùgbọ́n àwa ńkọ́? Ìrù ọ̀rọ̀ náà la máa ń dì mú, a ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Alájì Bádíru fún yín. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa sọ ọ́ kiri.

Irin ìkọ́lé ni Alájì Bádíru ń tà n'Íbàdàn. Ìkìrun ni ìyá rẹ̀ ń gbé, nínú ilé tí bàbá fi sílẹ̀, àpáta ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àpáta yẹn sọ́kàn o.

Nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọmọṣẹ́ ni Bádíru, ọ̀gá rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ rántí ayé ìgbà yẹn? Àádọ́ta náírà ni ìṣẹ́jú kan. Tí o bá lo ìṣẹ́jú kan, tí ọ̀rọ̀ wá yọ bíńtín sí ìkejì, méjì ni wọ́n máa kà fún ẹ! Èèyàn á máa wo aago ọwọ́ bó ṣe ń kí ìyàwó ẹ̀. Wọ́n á rọra fi èékánná ha káàdì bí ẹni ń bó ẹyin. Wọ́n á so fóònù mọ́ ọrùn lọ sí Jímọ̀, kí Lèmọ́mù lè rí i. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn aṣọ àwọn obìnrin yẹn ń mi orí, wọ́n rántí.

Kí wá ni tálákà ń ṣe? Fíláàṣì! O ó pe èèyàn, kó dún lẹ́ẹ̀kan péré, o ó yára já a. Kò náni ní kọ́bọ̀. Bádíru ṣa owó jọ, ó ra fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì fún ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ṣàdéhùn. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ìrun Àsùbá: mo jí ire. Ẹ̀ẹ̀mejì: pè mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta: fi ohun tí o ń ṣe sílẹ̀, kí o máa bọ̀ nílé.

Àmọ́ nẹ́tíwọ̀kì kì í wọ ilé ìyá. Orí àpáta ẹ̀yìnkùlé ló ń wọ̀. Ojoojúmọ́, tí ìyá bá ti kírun tán, á gun àpáta, á na fóònù sókè, á tẹ̀ ẹ́. N'Íbàdàn, tiri! Ó ti dákẹ́. Bádíru á rẹ́rìn-ín lórí ẹní, á fíláàṣì padà. N'Íkìrun, tiri! Ìyá á ní, "Àlùhàmùdù lílà, Àlàó mi jí," oríkì Bádíru nìyẹn, á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ dáná ẹ̀kọ.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: má gbé e o! Lọ́jọ́ kan, oorun ṣì wà lójú Bádíru, ó ṣèèṣì gbé e. "Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá." Háà! Ìyá figbe ta lórí àpáta: "Ta ló ní kí o gbé e? Àlàó! Owó mi ń lọ! Jù ú sílẹ̀! Ṣé o ti jù ú sílẹ̀? O ò tíì jù ú sílẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ ohùn ẹ!" Ariwo pé owó ń lọ ni ìyá fi ná gbogbo owó náà tán.

Ayé yí, jàmáà. Nẹ́tíwọ̀kì wọ ilé, ìyá ò gun àpáta mọ́. Bádíru di Alájì. Ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ó sì bá ilé-iṣẹ́ fóònù kan ṣe àdéhùn olóṣooṣù ti àwọn ọlọ́lá, láìnì mẹ́fà lábẹ́ orúkọ kan: tirẹ̀, ti ìyàwó, ti ọmọ méjì, ti ṣọ́ọ̀bù, àti ti ìyá. Pè bó ṣe wù ẹ́! Ǹjẹ́ ó wá ń pe ìyá? Ẹ má dá mi lóhùn. Kálukú fèsì nínú ara ẹ̀.

Fíláàṣì ìyá ò dáwọ́ dúró. Bádíru ni ò dá a padà mọ́. Ó ti pa ohùn fóònù rẹ̀ ní àárọ̀, tó bá sì jí, ọgọ́rùn-ún nǹkan á ti tò sójú ẹ̀. Á fi àtàǹpàkò gbá gbogbo ẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ni ìwé owó fóònù oṣù kan bá dé tó dẹ́rù bà á. Ó gbọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọn lọ. Ọmọbìnrin kan ló wà nídìí kọ̀ǹpútà.

"Alájì, ẹ ń sanwó orin tó ń dún sétí ẹni tó bá pè yín."

"Orin wo? Gé e!"

"Ẹ ń sanwó láìnì ọmọ yín tó ti lọ sílé ìwé ní òkè òkun."

"Láti ìgbà wo? Gé e!"

"Ìròyìn bọ́ọ̀lù ńkọ́?"

Ẹ wò ó! Àwọn tèmi náà nìyẹn! Alájì ní, "Gé e!"

Títí débẹ̀ yẹn, ohun tó dáa ló ń ṣe. Ẹ lọ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ohun tí ẹ ò lò, ẹ má sanwó ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó kù.

Ọmọbìnrin náà ní, "Láìnì kan tún wà níbí. Láti ọdún méjì, kò pe ẹnikẹ́ni. Òdo ni gbogbo ẹ̀. Ta ló ni ín, sà?"

"Ìyá mi ni."

"Ẹ ò ṣe kọ́kọ́ bi màmá léèrè ná?"

"Kí ni mo fẹ́ bi? Ṣebí òdo lo rí. Òdo kì í parọ́. Gé e."

Ó gé e. Ó rìn jáde bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ọjọ́ Àtìní nìyẹn, Mọ́ńdè.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ìyàwó rẹ̀, Rọ̀fíà, ká ẹní ìkírun rẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Alájì, ṣé kò sí nǹkan n'Íkìrun? Ìyá ò fíláàṣì mọ́."

"Fíláàṣì kẹ̀? Ta ló ń fíláàṣì láyé ìsinsìnyí?"

"Ojoojúmọ́ ni o. Tí mo bá ń ṣe tẹ̀sùbáà, fóònù yín máa ń tan lẹ́ẹ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń ní kí Ọlọ́hun dá wọn sí. Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí kò tan."

Bádíru mú fóònù. Ó ṣí ibi tí àwọn ìpè tí kò gbé wà. Ìyá. Ìyá. Ìyá. Ó ń fà á lọ sísàlẹ̀, kò tán: òjò, ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ Ìléyá, ọjọ́ tí ìyá ṣàìsàn tí wọn ò tètè sọ fún un, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́. Ọjọ́ Àtìní ló ti dúró. Òun ló dá a dúró! Fíláàṣì ò náni lówó, òdo ni ìwé owó kọ sí i. Bí ìyá bá kú lánàá, fóònù wo ni wọ́n fẹ́ fi sọ fún un? Kò ní nọ́ńbà ẹnì kankan mìíràn n'Íkìrun. Ìnà lílàhì! Jàlàbíà tó wọ̀ sùn ló wọ̀ dénú mọ́tò.

Ó débẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò séèyàn. Ẹní ìkírun wà nílẹ̀. Ó pe ìyá, kò gbọ́ ohùn. Ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Ó rí bàtà ìyá ní ìdí àpáta. Ó gbójú sókè. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún jókòó sí orí àpáta, ó na fóònù onítọ́ọ̀ṣì sí ojú ọ̀run.

"Ìyá!"

Ìyá wo ìsàlẹ̀. "Àlàó? Sùbúhánà lọ́hì! Ìwọ nìyẹn? O ò kú?"

"Mi ò kú, ìyá."

"Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti ń gun ibí. Mo ní bóyá nẹ́tíwọ̀kì ti padà sórí àpáta. Obìnrin kan ló ń dá mi lóhùn, òyìnbó ló ń sọ. Mo ní kó fún ẹ ní fóònù, kò gbọ́. Ṣé o ti fẹ́ ìyàwó míì ni?"

Bádíru gun àpáta náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta. "Ìyá, èmi ni mo gé e. Wọ́n ní ẹ ò lò ó."

"Èmi? Mi ò lò ó? Àárọ̀ wo ni mi ò lò ó?"

"Kò hàn nínú ìwé wọn. Ẹ ò náwó."

Ìyá ní, "Àlàó, nígbà tí mò ń pọ̀n ẹ́, inú ìwé ta ló wà?"

Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kó wọlé. Ìwọ tó ń fi fóònù ká mi sílẹ̀, ṣé o ti pe tìẹ lónìí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàdúà nísinsìnyí, torí tí mo bá sọ èyí tó kù, ẹnu mi ò ní lè ṣe é mọ́. Ọlọ́hun, kọ́ wa bí a ṣe ń ṣọ́wó ná. Má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀bẹ tí a fi ń gé ìnákúnàá gé okùn ìbí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì ń dúró de ohùn rẹ̀, là á lójú kí ó tó pẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ ti lọ, tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè wọn. Àmín.

Ọjọ́ yẹn náà ni Bádíru lọ dá nọ́ńbà ìyá padà, èyí tí a ń fi káàdì sí, owó táṣẹ́rẹ́. Ó sun Ìkìrun mọ́jú. Wọ́n kírun Àsùbá tán, ìyá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Bádíru jókòó sí pálọ̀. Fóònù dún, tiri! Ó wò ó. Ìyá ò tètè já a, ọwọ́ àgbà. Ó tún dún. Ìyá pariwo láti inú yàrá: "Má gbé e o, Àlàó! Owó mi!"

Ó gbé e.